Ènì orí dáìsì: èrè wo ló tọ́ sí jíjù tó dára nínú eré ipa?

Ẹni tó bá ti ta lúdò rí ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Mẹ́fà jáde, ọmọ rẹ kúrò nílé, o sì tún dáìsì jù. Ní agboolé kan, ẹni tó bá ju mẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹta léra á pàdánù gbogbo rẹ̀. Ní agboolé kejì, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Òfin ilé nìyẹn. Ìjà tó ń bẹ́ sílẹ̀ nídìí lúdò kì í sábà ti ọwọ́ dáìsì wá. Ọwọ́ ẹni tí kò sọ òfin ilé rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ló ti ń wá.

Eré ipa orí tábìlì náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀, àfi pé tirẹ̀ díjú ju ti lúdò lọ. Ẹni mẹ́ta sí mẹ́fà á jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni adarí eré, ẹni tí àwọn tó ń lo ìwé Faransé ń pè ní maître du jeu. Òun ló ń sọ bí ibi tí ẹ wà ṣe rí, òun ló sì ń gbẹnu ọ̀tá, ọlọ́jà, ọba àti ẹranko sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù ń darí ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan jagunjagun, ọ̀kan ọdẹ, ọ̀kan olè, ọ̀kan oníṣègùn. Bí ẹ̀dá ìtàn bá fẹ́ ṣe ohun tó lè yọrí tàbí kó má yọrí, ẹ ju dáìsì. Nínú Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, dáìsì olójú 20 ni wọ́n máa ń jù lóde òní. Ohun tó bá fi hàn, ẹ fi àfikún ẹ̀dá ìtàn, ìyẹn nọ́ńbà tó dúró fún ìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀, kún un. Bí àpapọ̀ bá tó ààlà tí adarí eré fi lélẹ̀, ó ti ṣe é. Bí kò bá tó o, kò ṣe é.

Ìyẹn ò le. Ibi tó ti ń le ni ìgbà tí ẹnì kan bá ju ohun tó ga gan-an, tó dìde dúró, tó pariwo "vingt!", ìyẹn ogún, tí gbogbo ojú wá yí sí adarí eré pé kí ló máa fún un. Ìdáhùn tí a ó máa tẹ̀ lé nínú àlàyé yìí wà lọ́wọ́ ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Ouando ní Porto-Novo. Ó ti wọn òṣùwọ̀n tán, ó wá bu díẹ̀ lé e. Díẹ̀ yẹn ni ènì. Ó ń mú inú oníbàárà dùn, kò sì sọ ìyá náà di onígbèsè. Jíjù tó dára yẹ kó gba ènì. Ọ̀pọ̀ òfin ilé tó ń ba eré jẹ́, òṣùwọ̀n kejì ni wọ́n ń fúnni tí wọ́n pè é ní ènì.

Ogún wo lo jù?

Ohun mẹ́ta ni ariwo "vingt!" lè túmọ̀ sí, wọn ò sì jọra.

Àkọ́kọ́ ni ogún ojú: ojú dáìsì fúnra rẹ̀ ló fi 20 hàn. Èyí ni wọ́n ń pè ní 20 naturel. Ó máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan nínú ogún, ìyẹn 5%, fún ọ̀gá àti fún ọmọṣẹ́ bákan náà. Ìkejì ni ogún àpapọ̀: dáìsì fi 13 hàn, àfikún rẹ jẹ́ 7. Èyí ò ní nǹkan àrà kankan nínú. Nọ́ńbà bíi nọ́ńbà ni. Ìkẹta ni èlé, ìyẹn iye tí àpapọ̀ fi ju ààlà lọ. Ààlà jẹ́ 15, ìwọ ní 25: èlé rẹ jẹ́ 10.

Orí ló ń bá ni ju ogún ojú, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń bá ni pa èlé. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹ̀dá ìtàn méjì ń wá ipasẹ̀ ẹfọ̀n létí odò Ọ̀kpàrá lápá Ṣábẹ, ààlà jẹ́ 15. Ọdẹ ní àfikún 7, oníṣòwò tó tẹ̀ lé e ní àfikún 2. Ọdẹ nílò 8 lójú dáìsì kó tó rí ipasẹ̀, ìyẹn 65%. Yóò ní èlé 5 nígbà 40 nínú ọgọ́rùn-ún, èlé 10 nígbà 15. Oníṣòwò á rí ipasẹ̀ nígbà 40, á ní èlé 5 nígbà 15, kò sì lè ní èlé 10 láéláé, torí ó máa nílò 23 lójú dáìsì tí kò kọjá 20. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ogún ojú ni ẹ̀ ń fún lẹ́bùn, 5% ni ọdẹ, 5% ni oníṣòwò.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe òfin kankan, ẹ kọ́kọ́ dáhùn èyí: ṣé oríire lẹ fẹ́ fún ní ènì ni, àbí ìmọ̀ọ́ṣe? Méjèèjì dára. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀ láìmọ̀, ọdẹ máa bínú lọ́jọ́ tí oníṣòwò bá gba gbogbo ìyìn.

Ẹ tún wo ìwé yín dáadáa, torí òfin tí ẹ fẹ́ ṣe lè ti wà nínú ìwé eré mìíràn tẹ́lẹ̀. Pathfinder ẹ̀dà kejì, tó jáde ní 2019, ti pín àbájáde sí ipele mẹ́rin: èlé 10 ń sọ àṣeyọrí di àṣeyọrí ńlá, ogún ojú sì ń gbé àbájáde sókè ní ipele kan. Call of Cthulhu ẹ̀dà keje ń lo 1 dé 100, kíkéré ló sì dára níbẹ̀: ẹni tó bá ju ìdajì ìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀ tàbí kó kéré sí i ṣe dáadáa, ẹni tó bá dé ìdá márùn-ún rẹ̀ tún ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀, 01 sì ni olórí wọn. Apocalypse World, 2010, ń lo dáìsì olójú mẹ́fà méjì: àpapọ̀ 10 sókè ni àṣeyọrí tí kò ní àbùkù, 7 sí 9 ni àṣeyọrí tó ní ohun tó máa ná ọ. Bí àfikún kò bá sí, 10 sókè ń wáyé nígbà 6 nínú 36.

Ìkọlù: ibi tí òfin ilé ti ń pa ènìyàn

Ìwé Dungeons & Dragons ti 2014 sọ pé bí ogún ojú bá jáde nígbà tí ẹ bá ń kọ lu ọ̀tá, ìkọlù náà wọlé láìka ààbò ọ̀tá sí, ẹ ó sì ju dáìsì ọṣẹ́, èyí tó ń sọ bí ọgbẹ́ ṣe pọ̀ tó, ní ìlọ́po méjì. Àfikún kò di méjì o, dáìsì nìkan ni. Idà tó ń ṣe ọṣẹ́ dáìsì olójú 8 kan pẹ̀lú àfikún 3 máa ń ṣe ọṣẹ́ 7.5 ní ìpíndọ́gba. Nígbà ogún ojú, dáìsì olójú 8 méjì àti 3, ìpíndọ́gba di 12.

Ohun tó ń bí àwọn eléré nínú ni pé dáìsì méjèèjì lè fi 1 àti 1 hàn. Ọṣẹ́ 5. O ti pariwo, o ti dìde, idà rẹ wá ṣe bí abẹ́rẹ́. Ní nǹkan bí 9% ìgbà tí ogún ojú bá jáde fún idà yìí, ọṣẹ́ rẹ̀ kì í kọjá 7, ìyẹn ni pé kò tó ìpíndọ́gba ọjọ́ lásán. Ìdí rèé tí òfin ilé tó gbòde jù fi sọ pé: ẹ ka dáìsì àkọ́kọ́ sí iye tó pọ̀ jù tó lè fi hàn, ẹ wá ju ìkejì. Idà wa á ṣe 8, pẹ̀lú dáìsì kan, pẹ̀lú 3: kò ní dín sí 12, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 15.5. Ìjákulẹ̀ tán.

Àwọn mìíràn ń ju dáìsì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ má ṣe é. Ìpíndọ́gba kan náà ni pẹ̀lú ti ìwé, àmọ́ 1 á máa jáde lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́jọ dípò 1 àti 1 tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan nínú 64. Àìsàn tí ẹ fẹ́ wò lẹ tún bù sí i.

Ṣé òfin "iye tó pọ̀ jù" wá dára ni? Ó dára, títí ọ̀tá náà á fi ju ogún. Orc, ẹ̀dá abàmì kan tó jẹ́ ọ̀tá nínú ìwé 2014, ń lo àáké ńlá: dáìsì olójú 12 kan àti 3. Jagunjagun ipele kìíní, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó lágbára níwọ̀nba ní ẹ̀mí 12, ìyẹn iye ọṣẹ́ tó lè gbà kó tó ṣubú. Ìwé tún sọ pé bí ọṣẹ́ bá gbé ẹ̀mí rẹ dé òdo, tí èyí tó ṣẹ́ kù nínú ọṣẹ́ náà bá tún tó gbogbo ẹ̀mí rẹ, o kú lójú ẹsẹ̀, kò sí ìtọ́jú. Fún jagunjagun yìí, ọṣẹ́ 24 ni ikú. Pẹ̀lú òfin ìwé, orc tó ju ogún ojú á dé 24 nígbà 10 nínú 144, ìyẹn nǹkan bí 7%. Pẹ̀lú òfin ilé, 12 àti 3 ti wà nílẹ̀ kó tó ju dáìsì kejì; bí dáìsì yẹn bá fi 9, 10, 11 tàbí 12 hàn, ó parí. Ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta. Jagunjagun tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí kò tíì gba ọgbẹ́ kankan, kú ní ìjà àkọ́kọ́.

Ẹ sì rántí ẹni tí ìyà ń jẹ jù. Ọ̀tá máa ń fara hàn nínú ìjà kan, ó kú, òmíràn á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀dá ìtàn yín ni wọ́n ń kọ lù lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ohun gbogbo tó bá fún ogún ojú ní agbára, ẹ̀dá ìtàn ló ń gbà á sára jù. Nítorí náà ohun tí a lè gbà yín níyànjú rèé: kí àwọn eléré lo òfin ilé, kí ọ̀tá máa lo òfin ìwé. Bí ẹnì kan bá ní kò bá ìdọ́gba mu, ẹ jẹ́ kí òfin náà kan gbogbo ayé, àmọ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ipele kẹta.

Olè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Olè ipele karùn-ún tó gún ọ̀tá níbi tí kò fura ń fi dáìsì olójú 6 mẹ́ta kún ti idà rẹ̀. Pẹ̀lú àfikún 4, ìpíndọ́gba ọjọ́ lásán jẹ́ 19. Ogún ojú pẹ̀lú òfin ìwé: 34. Pẹ̀lú òfin ilé tó ka gbogbo dáìsì sí iye tó pọ̀ jù: 45. Ìkookò olórí tí adarí eré fi ọjọ́ méjì tọ́jú á kú kó tó sọ̀rọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò nira: dáìsì ohun ìjà nìkan ni kí ẹ kà sí iye tó pọ̀ jù, ẹ ju àwọn tó kù ní ìlọ́po méjì bí ìwé ṣe wí. Olè wa á ní 37.5. Ìyẹn ni ènì.

Ẹni tí kì í rí nǹkan kan gbà nínú gbogbo èyí ni onídán. Bó bá ju bọ́ọ̀lù iná, òun kọ́ ló ń ju dáìsì olójú 20. Ọ̀tá ló ń ju ti àsálà, ìyẹn dáìsì tó ń sọ bóyá ó rí ibi yẹ̀ sí. Ogún ojú kì í kàn án. Ẹ lè sọ pé ọ̀tá tó bá ju 1 lójú dáìsì nígbà àsálà gba ọṣẹ́ dáìsì olójú 6 méjì sí i. Ẹ má ṣe sọ pé ọṣẹ́ di méjì, torí bí ọ̀tá mẹ́fà bá wà nínú iná náà, ó ti tó 26% pé ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn á ju 1.

Iṣẹ́ tí kì í ṣe ìjà

Àṣìṣe tó gbajúmọ̀ jù nìyí: ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwé 2014 sọ pé ogún ojú máa ń ṣe ohunkóhun. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìkọlù nìkan ló fún ní agbára yẹn. Bí ẹ bá ń fo odò, tí ẹ̀ ń ṣí ìlẹ̀kùn, tí ẹ̀ ń bẹ ọba, 20 jẹ́ 20, ẹ fi àfikún kún un, ẹ wo ààlà. Ẹ lè yí i padà bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ mọ̀ pé òfin ilé lẹ̀ ń ṣe.

Ká ní eré yín ṣẹlẹ̀ ní Kétu, kí ogun Dàhọ̀mì tó fọ́ ìlú náà ní 1886. Eléré kan ní: "Mo lọ bá Aláketu, mo ní kó bọ́ adé rẹ̀ fún mi." Ó ju dáìsì. Ogún. Bí òfin yín bá ní ogún ojú kì í kùnà, ẹ ti ní ọba tuntun, eré ti tán. Ẹ sì wo bó ṣe ń burú sí i: bí ẹni márùn-ún bá tò lọ́kọ̀ọ̀kan láti tọrọ adé yẹn, ó lé ní 22% pé ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn á ju ogún. Ọmọ ogún ọdún tí kò mọ ìkíni ààfin máa ní oríire kan náà pẹ̀lú ìjòyè.

Nǹkan méjì ló ń tún èyí ṣe. Ìkínní, bí nǹkan ò bá ṣeé ṣe, adarí eré ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju dáìsì sí i. Ẹnu ni kó fi sọ pé rárá. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ju dáìsì ti ṣèlérí pé dáìsì náà lè mú nǹkan wá. Ìkejì, ogún ojú ń fúnni ní ohun tó dára jù lọ nínú ohun tó ṣeé ṣe. Fún ọ̀dájú tó tọrọ adé, ohun tó dára jù ni pé Aláketu rẹ́rìn-ín, tó ka ọ̀rọ̀ náà sí àwàdà, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kò fi gbé e jù síta. Tó bá tún lórí, ọba á ní kó padà wá lọ́la.

Àwa fara mọ́ èlé ju ogún ojú lọ nínú iṣẹ́ tí kì í ṣe ìjà, torí àyè wà nínú rẹ̀ fún ènì tó yàtọ̀ síra. Kí adarí eré tó sọ pé "ju dáìsì", kó ti pinnu ohun mẹ́ta lọ́kàn: kí ni àṣeyọrí lásán, kí ni èlé 5 ń fi kún un, kí ni èlé 10. Bí ẹ bá fẹ́ gba Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè ìlú, wọ Kétu lóru, àṣeyọrí lásán ni pé ẹ wọlé. Èlé 5: ẹ wọlé, ajá kankan ò gbó. Èlé 10: ẹ wọlé, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ láàárọ̀ ọ̀la pé wọ́n fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn náà. Bí ẹ bá ń ná ọjà, àṣeyọrí lásán ni iye tí ẹ dá. Èlé 5 ni pé ọlọ́jà tún dín ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò. Èlé 10 ni pé ó sọ fún yín ẹni tó wá ra irú rẹ̀ lánàá.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tó sọ pé "ẹ tún gba owó sí i". Àkókò, ìdákẹ́jẹ́, ìròyìn, ojú rere: àwọn wọ̀nyí kì í tán nínú àpò adarí eré. Wúrà ń tán. Bí ẹ bá ń fi wúrà àti ohun ìjà ṣe ènì, láàárín oṣù méjì àwọn ẹ̀dá ìtàn yín á ti ju gbogbo ọ̀tá inú ìwé lọ.

Jù kó o tún jù

Òfin lúdò tó ní kí ẹni tó ju mẹ́fà tún jù wà nínú eré ipa pẹ̀lú. Savage Worlds, tó kọ́kọ́ jáde ní 2003, sọ pé bí dáìsì bá fi iye tó ga jù lójú rẹ̀ hàn, ẹ tún un jù, ẹ fi kún un, kò sì ní òpin. Èlé 4 kọ̀ọ̀kan ń mú ènì wá. Ó dùn púpọ̀. Bí ẹ bá mú un wọ inú eré mìíràn, ìpíndọ́gba dáìsì olójú 6 á kúrò ní 3.5, á di 4.2, ìyẹn ò pọ̀ rárá.

Ohun tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé dáìsì kékeré ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù, torí òun ló ń tètè dé òkè. Bí ààlà bá jẹ́ 6, dáìsì olójú 4 á dé ibẹ̀ nígbà 18.75 nínú ọgọ́rùn-ún: kó fi 4 hàn, kó tún fi 2 sókè hàn. Dáìsì olójú 6 á dé ibẹ̀ nígbà 16.67 péré. Ọmọṣẹ́ lé ọ̀gá. Kò wáyé ní gbogbo ààlà, ibi tó ti ń wáyé náà ò sì fẹ̀, àmọ́ eléré tó mọ ìṣirò á rí i, yóò sì lò ó. Bí èyí bá ń dà yín láàmú, ẹ ní àtúnjù kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ sì yẹra fún ààlà 6.

Owó ẹyọ

Ọ̀nà tó rọrùn jù: ẹni tó bá ju ogún ojú gba owó ẹyọ kan. Ìgbà tó bá wù ú, yóò dá a padà, yóò sì tún dáìsì kan jù. Ní 2022, nígbà tí wọ́n ń dán òfin tuntun Dungeons & Dragons wò, ohun tó jọ èyí wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi síta; kò sí nínú ìwé 2024. Ẹ lè lò ó láìbẹ̀rù. Bí ẹni mẹ́rin bá ju dáìsì ní ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún-mẹẹ̀ẹ́dógún lálẹ́ kan, owó ẹyọ mẹ́ta lẹ lè retí. Ìgbà tí ẹ bá ń ju méjì kí ẹ mú èyí tó ga, ogún kò tún jẹ́ 5% mọ́, ó di 9.75%, nítorí náà owó ẹyọ á pọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní ju ẹyọ kan lọ, gbogbo rẹ̀ sì ń padà sínú igbá nígbà tí eré bá tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ẹ ò bá fi ìyẹn kún un, àwọn kan á kó o pamọ́ dé ọjọ́ ìjà ìkẹyìn.

Ní ti ìyà fún ẹni tó ju 1, pé idà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí pé ó gún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Jagunjagun ipele kọkànlá ń kọlu ọ̀tá lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tó bá kàn án. Láàárín ìyípo mẹ́rin, nǹkan bí 46% ló wà pé idà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ idà lílò, tó ń kọlu lẹ́ẹ̀kan, kò tó 19%. Òfin wo ló ń sọ pé bí ènìyàn bá ṣe mọ iṣẹ́ tó ni idà á ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó?

Bí dáìsì olójú 20 ò bá sí

Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tà á. Bí ẹ bá ní dáìsì olójú 10 àti ti lúdò, ẹ jù wọ́n pọ̀: bí ti lúdò bá fi 1, 2 tàbí 3 hàn, ẹ ka olójú 10 bó ṣe wà, bó bá jẹ́ 4, 5 tàbí 6, ẹ fi 10 kún un. Ẹ ka 0 sí 10. Dáìsì lúdò mẹ́ta tí ẹ rò pọ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀: 18 níbẹ̀ kì í jáde ju ẹ̀ẹ̀kan nínú 216, gbogbo ìṣirò tó wà lókè á sì bàjẹ́.

Ẹ tún lè gé ìwé pélébé 20, ẹ kọ 1 dé 20 sí i, ẹ ká a, ẹ kó o sínú igbá. Ẹni tó bá mú ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá a padà kí ẹ gbo igbá náà kí ẹlòmíràn tó mú. Bí ẹ ò bá dá a padà, ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ á mọ̀ pé ogún ṣì wà nínú igbá, á sì dúró dè é.

Ẹ kọ òfin yín sórí ìwé kan, kó má ju ìlà mẹ́wàá lọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Ẹ lò ó fún ìjókòó mẹ́ta kí ẹ tó yí i padà, ẹ má sì yí i padà láàárín ìjà. Ẹ kọ ti dáìsì tó bá bọ́ sí ilẹ̀ náà mọ́ ọn: a ó tún un jù, kódà bó bá jẹ́ ogún ló fi hàn lábẹ́ tábìlì.